Onílé Bú, Bọ́tìnì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá! Ẹ wá jókòó tì mí, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Tóbi, Monica, ẹ gbé àpótí yẹn wá síbí, ẹ má wojú bàbá yín, kò ní nà yín, ta ni yóò nà yín lójú mi? Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yín fi ojú ọmọ mi rí, kí ẹ má baà dàgbà tán kí ẹ ní kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Rárá o, Philip, má dìde. Jókòó. Mo ní jókòó! Àsùbáà la kí tán tí mo di ọmọ yìí lọ́wọ́ mú láti Ìsàlẹ̀ Èkó, a fẹsẹ̀ rìn dé Pópó Àgùdà níbí, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ajá ń gbó wa, èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, o wá ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí o kọ́kọ́ lọ bọ́jú. Bọ́jú kẹ̀? Ojú wo? Ojú tí o ní o máa fi wò ó láti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn?

Angela, ìyàwó mi, má bínú pé mo jí ọ. Mi ò fẹ́ tíì. Mi ò mu nǹkan kan. Bá mi wo aago ara ògiri yẹn, mélòó ló lù? Mẹ́fà kọjá? Yéè! Mo gbé! Aago mẹ́jọ ni wọ́n máa dà á nù o! Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni yóò pé ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé. Fóònù fúnra rẹ̀ ló kà á sí wa létí pé ohunkóhun tó bá wà nínú pàǹtí, tó bá ti pé ọgbọ̀n ọjọ́, ó parí, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́, bó ti wù kó sunkún tó.

Ó ní kí n fara balẹ̀! Ẹ gbọ́ bàbá yín! Ó dáa, mo fara balẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo Basheerah létí ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Ọmọ ọmọ mi ni. Ibà líle kan ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fi sí i lórí, ẹ̀yin olójú méjì, ẹ ò ní ìdajì rẹ̀. Fóònù rẹ̀ máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ibi tó bá fi ìka kàn, fóònù a sọ ohun tó wà níbẹ̀, kíákíá bí ẹni tó ń sá fún òjò, èmi ò ní gbọ́ ọ̀kan, òun a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wò ó nígbà tó bá ń tẹ̀wé, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń yan ẹ̀pà nínú yàrá. Inú mi máa ń dùn! Mo fi Ọlọ́run búra, inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń fi irọ́ díẹ̀ kún ìtàn kó lè pẹ́ lẹ́nu títẹ̀.

Ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Èmi ń sọ, òun ń kọ, Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ ló ń gbé e sínú búlọ́ọ̀gù ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò wa, èyí tí bàbá yín ń bójú tó. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ta ewé mọ́ínmọ́ín ní Èbúté Èrò, tí n kò mọ Á yàtọ̀ sí Bí, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi ní Lọ́ńdọ̀nù! Wọ́n á tún kọ̀wé padà pé, “Ìyá Àgbà, ẹ sọ ti agboolé tiwa.” Ìtàn mọ́kànlélógójì la ti kọ. Basheerah ló ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi: ó ní búlọ́ọ̀gù dà bí ilé, ó ní pálọ̀ níwájú, ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí kàwé, ó sì ní ilé ìdáná lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ọ́ ti ń se é. Òun ni alásè. Ó mọ ibi tí ìkòkò wà, ó mọ ibi tí iyọ̀ wà, kò sí ẹni tó ń fà á lọ́wọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan láyé yìí tí kò sí ẹni tó ń fà á lọ́wọ́!

Bàbá yín wá ní òun fẹ́ tún ilé ṣe. Ó ní ó ti gbó. Ṣé mo ní kó má tún un ṣe? Ẹgbẹ́ ló bẹ̀ ẹ́, ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́run á san án fún un, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Pálọ̀ ń dán! Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nílé ìdáná ńkọ́, Philip? Gbogbo bọ́tìnì tí ọ̀rọ̀ wà lára wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ “fi pamọ́”, tí wọ́n ń jẹ́ “gbé jáde”, o ha ọ̀rọ̀ kúrò lára wọn, o ya àwòrán sí i. Àwòrán kálàmù. Àwòrán ọfà. Àwòrán garawa. Ẹni tó lójú rí garawa, ó mọ̀ pé ìdalẹ̀nù ni. Fóònù tó ń fi etí ṣe ojú fún ọmọ mi kò mọ garawa! Ta lo bi léèrè? Nígbà tí o ń tún ilé ìdáná ṣe, ṣé o bi alásè?

Kẹ́ ẹ sì gbọ́ o. Àárọ̀ ọjọ́ tí ilé tuntun yẹn ṣí, mo jókòó ti Basheerah, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó fọwọ́ kan fóònù. Fóònù ní, “Onílé bú, bọ́tìnì.” Ó sún ọwọ́ síwájú. “Onílé bú, bọ́tìnì.” Ó tún sún un. “Onílé bú, bọ́tìnì.” Mo da ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní, “Basheerah, onílé wo ló bú ọ?” Mo ti ń wá gèlè mi! Ilé bàbá wa là ń gbé, a kì í san háyà fún ẹnikẹ́ni, onílé wo ni yóò dìde ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí yóò máa bú ọmọ mi láti inú fóònù? Ọmọ yìí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó rín gbẹ̀yìn nìyẹn o, ó ní, “Ìyá Àgbà, òyìnbó ló ń sọ, ‘unlabelled’ ló ń pè. Ó ní bọ́tìnì yìí kò lórúkọ.”

Ó lè jẹ́ òyìnbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ dáadáa. Onílé bú. Philip, ìwọ lo nilé. Ìwọ lo bú u!

Má rẹ́rìn-ín! Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ìwọ kò wo ilé, o kò sì sọ ọmọ lórúkọ. Bọ́tìnì mẹ́rìnlá! Basheerah kà wọ́n fún mi, mẹ́rìnlá lo bí sílẹ̀ láìlórúkọ, tí o pa ilẹ̀kùn dé, tí o lọ sùn. Ìwọ ọmọ Àgùdà! Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ṣebí mo wà níbẹ̀? Ṣebí ìyá àgbà rẹ, Henrietta, ló ní kí n wá ka ewé tí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín ọjọ́ náà? Orúkọ mẹ́fà ni wọ́n fún ọ! Ti Potogí wà níbẹ̀, ti Yorùbá wà níbẹ̀, orúkọ bàbá bàbá ẹ wà níbẹ̀, àlùfáà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú sórí omi. Ìwọ tí o ní mẹ́fà, ó dùn ọ́ láti fi ẹyọ kan ta bọ́tìnì lọ́rẹ?

Èmi tí n kò kàwé, nígbà tí ojú ọmọ yìí kọ́kọ́ lọ, ó bu iyọ̀ sínú ògì. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, agolo kan náà ni mo fi kó iyọ̀ àti ṣúgà sí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo wá rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó, mo so ẹyọ kan mọ́ agolo iyọ̀ lọ́rùn, mo so méjì mọ́ ti ṣúgà. Ó tán! Ọdún kẹtàlá rèé, kò ṣì í mú rí. Rọ́bà ni mo ní kó o so, Philip. Rọ́bà lásán! Ẹni tó lọ sí yunifásítì, rọ́bà wọ́n ọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé o ní o kò mọ̀ọ́mọ̀. Ta ló ní o mọ̀ọ́mọ̀? Ẹni tó da omi gbígbóná sọ́nà kò mọ̀ọ́mọ̀ jó ẹnì kan, ṣùgbọ́n awọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá ti bó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi Àlímọ̀t. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kó tó lọ, ó pe Basheerah sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní òun náà ní ìtàn. Èmi fẹ́ wọlé, ó ní kí n jáde. Èmi àbúrò rẹ̀! Ó ní Basheerah nìkan ni òun yóò sọ ọ́ fún, torí Basheerah kò ní rí òun bí òun bá ń sunkún. Àkọ́bí rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án péré láyé. Ẹ̀yin ọmọ, láyé tiwa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ gbé omi mì, kó nu ojú, kó máa retí òmíràn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi gbé orúkọ yẹn sábẹ́ ahọ́n. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ó lọ. Ó lo orúkọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan! Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Philip. Ọmọ tó fẹ́ lọ lọ́la, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ!

Ó sọ bí ọmọ náà ṣe rí. Ó sọ bí ó ṣe máa ń di ìka òun mú. Mi ò gbọ́ ọ, Basheerah ló kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo sunkún títí. Bẹ́ẹ̀ ni, Basheerah rántí orúkọ rẹ̀, ta ni yóò gbàgbé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àlímọ̀t gan-an, bó ṣe tò ó, bó ṣe dánu dúró, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nìkan ló kù nínú ohùn ẹ̀gbọ́n mi láyé, inú garawa tìrẹ ló sì wà! Àbí kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tí mo bá dé ọ̀run? Kí n ní wọ́n tún ilé ṣe?

Fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀ ló kù díẹ̀. Basheerah ní òun fẹ́ di gbogbo ìtàn mọ́kànlélógójì ní òṣùṣù kan, kí òun fi ti Àlímọ̀t ṣe orí, kí àwọn ọmọ ilé tó wà lókè òkun lè rí i kà lọ́jọ́ àdúrà. Ó máàkì gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wá bọ́tìnì tí yóò gbé wọn jáde sí pálọ̀. “Onílé bú, bọ́tìnì. Onílé bú, bọ́tìnì.” Ó ń ka ipò wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní ìkẹta láti apá ọ̀tún ni, ibẹ̀ ló máa ń wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù bi í pé, ṣé ó dá a lójú? Kò sọ ohun tó dá a lójú o! Ṣé ó dá ọ lójú, ó tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Garawa ló tẹ̀! Gbogbo rẹ̀, Philip! Gbogbo ẹnu mi, gbogbo ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, gbìrà!

A kò sì mọ̀! Inú wa ń dùn! Mo se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ náà! Àfi ìgbà tí Memunat, àbúrò mi, pè láti Lọ́ńdọ̀nù pé, “Ìtàn dà? A ò rí nǹkan kan níbẹ̀.” Ojú ọmọ yìí yí padà báyìí. Ó fẹ́ padà wọlé lọ wá a, ẹnu ọ̀nà tuntun tí ìwọ fúnra rẹ fi síbẹ̀ ní kó tọ́ka sí àwòrán tí kẹ̀kẹ́ wà nínú wọn, kó fi hàn pé èèyàn ni òun, òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ o! Ojú rẹ̀ tí ibà gbà kò tó, ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèyàn ni! Àstàgfirúlàhi! Ṣé ẹni tó bí i bí ewúrẹ́ ni? Tawfiq tó ń tún fóònù ṣe ní Ìdúmọ̀tà ló bá wa tọ́ka sí kẹ̀kẹ́, ó wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹnikẹ́ni nínú àwọn akọ̀wé ló lè da nǹkan sínú garawa, ṣùgbọ́n Philip nìkan ló lè kó o jáde.” O fún ọmọ mi láṣẹ ìdànù, o kò fún un láṣẹ ìkójáde!

La bá pè ọ́. O ní, “Màmá, mo máa wò ó.” Ọjọ́ kẹta, mo máa wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní Marina, mo wà ní mítìnì, mo máa wò ó. Philip, ẹni tí kò ríran wò ó, ìwọ tó ríran ni kò wò ó! Fídáù ogójì ọjọ́ kọjá, àwọn ará òkun ò rí nǹkan kan kà. Basheerah kò kọ̀wé mọ́ láti ìgbà náà. Ó ní ilé ìdáná kì í ṣe tòun mọ́. Ó jókòó sójú kan, fóònù dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò gbọ́ ẹ̀pà tí wọ́n ń yan mọ́ nínú yàrá. Ó ń ṣe mí bíi pé ojú ọmọ náà tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ìtàn, kò kọ ọ́. Mo fi irọ́ sí i, kò rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Philip, mo bẹ̀ ọ́! Wò ó, mo gbé orúnkún aláìsàn yìí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún ọ nínú ilé rẹ, lójú àwọn ọmọ rẹ!

Kí o dìde ni mo fẹ́, kì í ṣe kí o gbé mi dìde! Gbé ẹ̀rọ rẹ wá! Ẹ̀hẹ̀n. Angela, bá a gbé e wá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún díẹ̀ kí iná wọlé. Aago ń lọ o. Kí ló ń yí róbótó lójú ẹ̀rọ yẹn? Ó ń bọ̀? Kó máa bọ̀ kíá. Lá ìláà… Philip, ṣé garawa nìyẹn? Ó ṣí? Ó ṣófo ni? Sọ̀rọ̀!

Ó wà níbẹ̀? Kà á. Mélòó? Mọ́kànlélógójì! Gbogbo rẹ̀ pé! Ó kó o jáde? Basheerah, wá síbí, mú fóònù wá, fọwọ́ kàn án, jẹ́ kó kà á. Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́.

“Ọmọ mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì lórúkọ. Àdùnní ni.”

Háà. Ẹ gbọ́ bí fóònù ṣe ń pe Àdùnní bí òyìnbó tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Máa pè é bẹ́ẹ̀, jàre. Máa wọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní Pópó Àgùdà láàárọ̀ yìí.

Rárá, n kò tíì ní lọ. Kíkó ìtàn jáde, ìdajì iṣẹ́ ni. Ẹ wo ìdí ìró mi níbí, ẹ bá mi tú u. Oyin ni. Mo mú oyin wá, torí mo mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ là ń bọ̀ wá ṣe. Mẹ́rìnlá, Philip! Bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Èyí tí àwòrán kálàmù wà lára rẹ̀, kí ni yóò máa jẹ́? “Kọ̀wé”. Tóbi, la ẹnu, gba oyin. Èyí tó ní ọfà ńkọ́? “Gbé jáde.” Basheerah, fọwọ́ kàn án, kò tíì dé? Ó dé? Sọ ọ́ kí n gbọ́! Ẹ gbọ́ fóònù! Kò sọ onílé bú mọ́! Monica, la ẹnu. Èyí tó kàn. Èyí tó kàn. Má fò ó, Philip, mò ń kà wọ́n lórí ìka mi.

Ó ku ẹyọ kan. Mo mọ èyí. Garawa. Olè tó kó ilé wa. Sọ òun náà lórúkọ. Kí ni yóò máa jẹ́? Basheerah, ìwọ ni kó o sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ ló ṣẹ̀. Kí lo wí? “Da nù”? Ẹ kọ ọ́ sí i. Fọwọ́ kàn án. “Da nù, bọ́tìnì.” Hà-há-háà! Orúkọ burúkú ni, ṣùgbọ́n ó lórúkọ! A ti mọ̀ ọ́n, a ó máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá! Ẹ wo ọmọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ wo eyín rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi wo eyín rẹ̀!

Àlùhámúdùlíláì. Monica, gbà, lá èyí tó kù nínú ìgò. Angela, ìyàwó mi, ẹ kú àtìlẹ́yìn, tíì yẹn di ọjọ́ mìíràn. Ẹnu ọ̀nà tó ní kí ọmọ mi fi hàn pé èèyàn ni, Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ pé o yọ ọ́, àbí kí n tún padà wá ní àsùbáà. Basheerah, fún mi lọ́wọ́ rẹ. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, àlejò ń lọ.

Philip, dìde wàyí. Lọ bọ́jú.